Kí Ẹ Tó Lọ Rí Ìyá Ìdírísù ní Sùdáànì

Rùkáyà, Àbẹ̀kẹ́ mi, ìyá Sálímù,

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ àánú rẹ̀ bo ìwọ àti ọkọ rẹ níbi tí ẹ wà ní Èkó. Ara wa le níbí ní Ìgbò-Ọrà. Sálímù jẹ ẹ̀kọ tó tó ti àgbàlagbà láàárọ̀ yìí, ó sì sá tẹ̀lé adìẹ títí ó fi ṣubú sínú ẹ̀gẹ́ tí a kó jọ. Kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn ìdí, ó tún sá tẹ̀lé e. Má ṣàníyàn nípa rẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí Màámi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ṣebí orí fóònù náà ni mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ohun yòówù kí n sọ, "Ẹ̀n, Màámi" lo máa ń dá mi lóhùn, ariwo ojú títì á sì gbé ìyókù lọ. Ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé á dúró dè ọ́. Bí o bá fi ìkánjú kà á lónìí, wàá lè fara balẹ̀ tún un kà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi í rán ẹni tó ń bọ̀ ní Èkó lọ́la.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ara tù mí. Mo ti ń sùn, mo ti ń jẹun. O kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ mú ìròyìn náà wá, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ.

A ń yan gàrí lọ́wọ́ lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìdírísù ló sọ̀ kalẹ̀. Láti Ìgàngàn ló ti ń bọ̀, níbi tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹrẹ̀ ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, ẹni tó jẹ́ pé ó máa ń kí wa títí yóò fi sú wa. Ó jókòó sórí àpò, ó gbé ojú sínú àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Àwọn obìnrin fi gàrí sílẹ̀ lórí iná. Mo ní ó ti parí nìyẹn, ìyá tí a ti ń wá láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a kò gbúròó wọn láti ọjọ́ tí ogun ti wọ àdúgbò wọn ní Kàtúúmù.

Mo ní, "Ìdírísù, ọmọ mi, ṣé wọ́n ti lọ ni?"

Ó mi orí. Yorùbá ti sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, Lárúbáwá ni ó ń jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó rọra sọ ọ́.

Ó ní, "Wọ́n wà láyé, Màmá. Wọ́n wà láyé! Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀."

Rùkáyà, àwọn obìnrin tí wọn kò mọ Háájà Sáádíyà ìyá rẹ̀ rí, tí wọn kò mọ apá ibi tí Sùdáànì wà, gbogbo wọn ni wọ́n hó yèè. Gàrí agbada kan jóná ráúráú lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ìgbà tó ṣe ni ó wá sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ fún mi: bí ìyá rẹ̀ ṣe bá àwọn aládùúgbò sá jáde láìmú fóònù, bí wọ́n ṣe ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, títí wọ́n fi dé Pọ́ọ̀tù Sùdáànì létí òkun, tí wọ́n sì rí ilé ọmọ àbúrò wọn wọ̀ sí. Ara wọn gbẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn.

Nígbà tí ẹ wá sọ pé ẹ ń lọ rí wọn, mo kọ̀. O rántí ohun tí mo sọ. Mo ní ibi tí ènìyàn ti ń sá jáde, ẹ̀yin ń sá wọ ibẹ̀. O kò bá mi jiyàn. O kàn ní, "Màámi, ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà lo sọ pé ẹ kò ní mú Sálímù lọ, pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé àpáta kúrò láyà mi. Àgbàlagbà méjì lè sáré, wọ́n lè dọ̀bálẹ̀, wọ́n lè fi ebi sùn. Ọmọ ọdún méjì kò mọ ìyẹn. O ṣe ohun tó dára.

Ó wá ku ọgbọ́n tí ẹ óò fi lọ, tí ẹ óò fi bọ̀. Wọ́n ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. O mọ̀ pé èmi àti bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, gbé Kàtúúmù nígbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Lárúbáwá níbẹ̀. Ohun tí n kò tí ì sọ tán fún ọ ni bí a ṣe dé Pọ́ọ̀tù Sùdáànì tiwa.

Bàbá rẹ ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. A fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ ojú omi sí Jéédà, kí a ti ibẹ̀ dé Mẹ́kà kí a tó padà sílé. Oyún rẹ ti hàn nínú mi. Ìlú kò rójú nígbà náà pẹ̀lú: ogun wà lápá kan, kónílé-ó-gbélé wà lápá kejì. Ọkùnrin tó bá wa ṣètò ìrìn-àjò gba páàsìpọ́ọ̀tù gbogbo wa, ó ní kí òun kó wọn sí ojú kan kó lè rọrùn. Bàbá rẹ fún un ní tirẹ̀ àti tèmi. Ọkùnrin náà wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, àwa wọ ìkejì. Bàbá rẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, ohunkóhun tó bá ti rí ló ń yà: ràkúnmí, òkè, afárá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ ìlú Kásálà, àwọn ṣọ́jà dá wa dúró. Wọ́n fi àgbá dí ojú ọ̀nà. Iyanrìn lọ́tùn-ún, iyanrìn lósì, oòrùn sì ti ń lọ sílẹ̀.

"Páàsìpọ́ọ̀tù dà?"

Bàbá rẹ ní, "Ó wà nínú ọkọ̀ iwájú."

"Ọkọ̀ iwájú wo?"

Ọkọ̀ iwájú ti kọjá tipẹ́. Ṣọ́jà náà wá rí kámẹ́rà. Ó béèrè ohun tó yà. Bàbá rẹ tí kì í purọ́ ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì dárúkọ afárá mọ́ ọn. Afárá! Nílùú tí ogun wà! Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀.

Dírẹ́bà ní òun kò lè dúró, pé bí kónílé-ó-gbélé bá bá òun lọ́nà, òun náà á wọ gàù. Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé ò ń sọ̀ ni àbí ò ń lọ?"

Bàbá rẹ pariwo láti ìsàlẹ̀, "Máa bá wọn lọ! Màá bá ọ níbẹ̀!"

Mo wo inú mi. Mo wo bàbá rẹ láàárín àwọn oníbọn. Mo gbé àpótí mi, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni n kò ní gbàgbé títí tí wọ́n á fi bò mí mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́yìn mi nínú ọkọ̀. A kò tí ì bá ara wa sọ ju kíkí lọ. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n mú ìgò omi wọn, wọ́n ní kí dírẹ́bà má tí ì lọ.

Dírẹ́bà ní, "Háájà, ibí kọ́ ni Kásálà o."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n sọ̀."

"Ọkọ̀ mìíràn lè má wá mọ́ lónìí."

"Kó má wá. Ọmọ yìí kò lè dá dúró láàárín ọkùnrin."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ lọ. Eruku rẹ̀ bò wá, ó sì rọlẹ̀.

Ohun tó wù mí ni kí n figbe ta, kí n lọ dì mọ́ ọ̀gá àwọn ṣọ́jà náà lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú. Wọ́n tẹ́ ẹní síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí wa. Wọ́n ní, "Jókòó. Má pariwo. Má sún mọ́ wọn bí wọn kò bá pè ọ́. Mu omi." Àwọn fúnra wọn wá dìde, wọ́n la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kí ó hàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n rọra rìn lọ. Mo gbọ́ tí wọ́n kí ọ̀gá náà. Wọ́n bi í pé ọmọ ta ni. Wọ́n bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ìgbà tó pẹ́ ni ó tó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ó pè mí.

Ó bi mí ní orúkọ ọkọ mi, ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, ẹni tó kọ́ ọ, ibi tí à ń lọ, ohun tó wà nínú àpótí. Mo dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ti bi bàbá rẹ ní ìbéèrè kan náà lápá ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ wa sì bára mu, nítorí òtítọ́ kò ní ojú méjì. Ó ṣí kámẹ́rà, ó fa fíìmù inú rẹ̀ yọ sínú oòrùn, gbogbo ràkúnmí bàbá rẹ ṣègbé. Ó dá bàbá rẹ àti kámẹ́rà padà fún mi. Ó ní kí a sùn sí abúlé tó wà nítòsí, kí a má rìn lálẹ́.

Ọkọ̀ tó kó àlùbọ́sà ló gbé wa dé Kásálà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkùnrin tó ṣètò ìrìn-àjò wa wà níbẹ̀ tó ń sá kiri pẹ̀lú páàsìpọ́ọ̀tù wa lọ́wọ́. A sin ìyá àgbà délé. Àwọn ọmọ wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àná, nítorí ọkọ̀ dé láìsí ìyá wọn nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin wọn bínú sí wọn, ó dì mọ́ wọn, ó tún bínú. Èmi àti bàbá rẹ kúnlẹ̀ sínú àgbàlá wọn. Mo béèrè orúkọ wọn. Wọ́n ní Rùkáyà.

Ibi tí o ti gba orúkọ rẹ nìyẹn.

Ó yá, gbọ́ mi dáadáa.

Páàsìpọ́ọ̀tù rẹ, ara rẹ ni kó wà. Kì í ṣe inú báàgì tí wọ́n so sórí ọkọ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń bá yín ṣètò, kì í tilẹ̀ ṣe ọwọ́ ọkọ rẹ. Mo ti ní kí wọ́n rán àpò pẹlẹbẹ kan tí o lè wọ̀ sábẹ́ aṣọ. Ó wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́. Ya fọtokọ́pì rẹ̀ àti ti físà: fi ọ̀kan sọ́dọ̀ mi, fi ọ̀kan sínú báàgì. Kọ nọ́ḿbà mi, ti àbúrò rẹ, àti ti ilé tí ẹ máa dé sí sórí bébà, nítorí fóònù tó kú kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìkejì ni ìwé àṣẹ. Físà láti wọlé lè má tó. Ní ayé tiwa, àlejò gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá bó bá dé, ó sì nílò àṣẹ kó tó ti ìlú kan lọ sí òmíràn. N kò mọ bó ṣe rí báyìí, nítorí náà má fi ọ̀rọ̀ mi ṣòfin. Béèrè kí o tó kúrò ní Èkó. Kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ wa tó ń bójú tó Sùdáànì, níbi yòówù kó wà, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa jáde. Ìdírísù sì sọ pé ẹ ti gba ìwé adójútòfò. Ka ibi tí wọ́n kọ wínníwínní nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í dá sí ohun tí ogun bá fà.

Nípa ọ̀nà: má fi ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá rìn. Ibi tó là lánàá lè ti dí lónìí. Kí ẹ tó jáde kúrò nílùú, ẹ bi onílé yín, ẹ bi dírẹ́bà, ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá bára mu, ẹ jókòó sílé. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lójú ọ̀run ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àlejò sì lójú, kò fi ríran. Ohun tí ọmọ onílùú bá ní kí ẹ má ṣe, ẹ má ṣe é, bí kò bá tiẹ̀ yé yín.

Bí ṣọ́jà bá dá ọkọ̀ dúró, ẹ jẹ́ kí dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Kí ọwọ́ yín wà níbi tó ti hàn. Fi fóònù sílẹ̀, má ṣe ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, má fi ìkánjú ki ọwọ́ bọ inú báàgì. Sọ ohun tí o fẹ́ mú kí o tó mú un. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ òtítọ́, kí ó ṣe ṣókí. Má ya ṣọ́jà, má ya afárá, má ya pápá ọkọ̀ òfuurufú, má ya ilé tí bọ́ǹbù wó. Bí ó bá wù ọ́ kí o ya nǹkan, ya ìyá ọkọ rẹ, kí o sì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Nu gbogbo fídíò ogun tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ọ kúrò nínú fóònù rẹ kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ṣòkòtò aláwọ̀ ṣọ́jà tí Ìdírísù fi ń ṣiṣẹ́ kànga, jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀ sí Ìgàngàn. Ẹnikẹ́ni tó bá bi yín pé apá ta ni ẹ wà, ìyá yín lẹ wá kí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń ta tíì fún yín ló ń béèrè, ó lè má ní ohun búburú lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó kàn máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Níbí, bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n wá lọ́nà oko, a ó yà sínú igbó. Jọ̀ọ́, má yà síbikíbi níbẹ̀. Wọ́n máa ń ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀, èyí tí kò tí ì bú sì máa ń wà nínú koríko. Ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ni kí o tẹ̀. Bí o bá rí irin kan nílẹ̀, ì báà dán bíi góòlù, má fọwọ́ kàn án, má ta á nípàá, padà sí ipa ẹsẹ̀ rẹ kí o sì sọ fún àwọn ará ibẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìbọn, ẹ má sáré lọ sójú fèrèsé lọ wòran. Ẹ wọ iyàrá inú lọ́hùn-ún, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ jìnnà sí dígí.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ti ibí. Létí òkun yẹn, àágùn ò ní gbẹ lára rẹ. Máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́, omi inú ọ̀rá tí a dí tàbí èyí tí a sè. Mú iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, mú oògùn ibà, mú tọ́ọ̀ṣì, mú páwà báǹkì. Má gbẹ́kẹ̀ lé báǹkì níbẹ̀; owó ọwọ́ ni kí ẹ mú, kí ó má wà lójú kan.

Má gba ẹrù ẹlẹ́rù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Bàbá kan ní àdúgbò wa ti wá pé àwọn ní ọmọ àbúrò kan lọ́hùn-ún, kí o bá àwọn mú páálí kékeré kan dání. Mo ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Wọ́n ní, "Nǹkan ọmọdé ni." Mo ní kí a tú u wò. Wọ́n ní wọ́n ti dì í dáadáa. Mo ní kí wọ́n máa gbé e padà lọ pẹ̀lẹ́. Wọ́n bínú, wọ́n á sì gbàgbé. Ẹnu ẹni la fi ń kọ méè-jẹ.

Máa pè mí lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àlàásà. Bí ojú ọ̀run kò bá jẹ́ kí ìpè wọlé, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, "A wà" nìkan ti tó. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí n kò gbọ́, màá pe ọmọ àbúrò Háájà. Bí ọjọ́ kejì bá lọ, màá pe ilé iṣẹ́ aṣojú, n kò ní jẹ́ kí ìtìjú dá mi dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí tí o kò lè sọ̀rọ̀ tán, sọ pé kí n bá ọ kí Àǹtí Músílì. A kò ní Àǹtí Músílì kankan. Mo máa mọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé wọn ní Kàtúúmù. Nígbà tí ọkọ rẹ gbé Sálímù wá, ó ní bí ẹ bá dé Pọ́ọ̀tù Sùdáànì, ó wu òun láti yọjú sí ilé bàbá òun.

Mo ní, "Kí ló kù síbẹ̀?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan mọ́, Màmá. Mo kàn fẹ́ fojú rí ilẹ̀kùn rẹ̀."

Mo ní, "Bí o bá wá rí ilẹ̀kùn, tí ìyá rẹ kò rí ọ mọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Rùkáyà."

Mo ti sọ. Ọkọ gidi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ inú mi, ṣùgbọ́n ilé bàbá ẹni a máa pe ènìyàn bí ẹni pé ó lẹ́nu. Má bá a jà sí i. Má sọ pé èmi ni mo ní kó má lọ. Jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fúnra wọn sọ fún un. Ohùn tiwọn ni yóò gbọ́. Pọ́ọ̀tù Sùdáànì lẹ ń lọ, Pọ́ọ̀tù Sùdáànì náà lẹ óò ti padà. Kí tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹ lè fà súnmọ́ tòsí bí ìlú bá fẹ́ dàrú. Bí ara rẹ bá sọ fún ọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ó ti tó. Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ ní ojo nílé mi.

Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ Háájà, kúnlẹ̀ kí wọn bí a ti ń ṣe nílé. Wọ́n lè má mọ àṣà wa, ṣùgbọ́n wọn yóò mọ ọ̀wọ̀. Mo fi làálì àti orúnlá ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn náà ń fi ilá gbígbẹ sebẹ̀, wéékà ni wọ́n ń pè é, mo jẹ ẹ́ nígbà oyún rẹ kò sú mi. Wọ ilé ìdáná, bá wọn sè é. Má bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí lọ́nà. Bí wọ́n bá sọ ọ́, gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá dákẹ́, bá wọn dákẹ́. Má ṣe sunkún ṣáájú wọn.

Lánàá, Ìdírísù so fóònù wa pọ̀. Lárúbáwá ẹnu mi ti dógùn-ún. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu èmi. Wọ́n béèrè ọmọ. Mo gbé fóònù sí Sálímù létí. Ó kàn ń mí sínú rẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Ìyá náà ń gbọ́ èémí rẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ó ń mí dáadáa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí fóònù ti kú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iyàrá bàbá rẹ tí mo fi ń kó àpò gàrí sí, mo ti kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mo ti gbá a, mo ti ní kí wọ́n wá kùn ún, mo ti tẹ́ ibùsùn síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Sọ fún Háájà pé iyàrá wà. Má fi ipá mú wọn. Ẹni tí ogun ti lé jáde nílé rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n tún gbé òun bí ẹrù. Béèrè lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ kí wọ́n rò ó. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní àlàáfíà, kí ẹ padà lọ́jọ́ tí ẹ dá. Bí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀, tí ẹ sì rí ìwé àṣẹ gbà fún wọn, pè mí láti Jéédà níbi tí ẹ ti máa pààrọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Màá gbé Sálímù pọ̀n, màá wá dúró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Ó ti pẹ́ tí ìyá náà ti ń dá ẹrù ara wọn gbé. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, èmi ni màá sọ̀ wọ́n.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo ń retí rẹ,
Sàbítíyù
Ìgbò-Ọrà